Àpapọ̀ Pé, Ìpín Ò Dọ́gba: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìdọ́gba Fóltéèjì nínú Ínfátà Féèsì Mẹ́ta

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ iná tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ẹ tó wá síbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń mú kí fóltéèjì dọ́gba nínú àwọn ínfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná DC (irú ti bátìrì, tó ń ṣàn sí apá kan) di AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) féèsì mẹ́ta, kí n sì sọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Ohun tí èdè wa kò tíì ní orúkọ fún, orúkọ tí à ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù ni n óò máa pè é, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ máa wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kí ẹ máa wo bí iná ṣe ń ṣàn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ọkùnrin kan ra ínfátà féèsì mẹ́ta tó jẹ́ 12 kílówáàtì, èyí tó túmọ̀ sí pé féèsì kọ̀ọ̀kan lè gbé 4. Ó so ẹ̀rọ amúlétutù méjì, pọ́ǹpù omi, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù mọ́ féèsì pupa, ó fi fíríìjì sí ti yẹ́lò, ti búlúù sì gba búlùbù mélòó kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́, ínfátà pa ara rẹ̀. Baálé ilé pe ẹni tó so ó fún un, ó ní gbogbo ohun tí òun ń lò kò pé 8 kílówáàtì, báwo ni ẹ̀rọ tó lè gbé 12 yóò ṣe ní 8 wúwo fún òun? Ìṣirò rẹ̀ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n féèsì pupa nìkan ti gbé tó 6 nínú 8 yẹn. Àpapọ̀ pé, ìpín ni kò dọ́gba.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí wáyà níta yẹn máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ínfátà fúnra rẹ̀, níbi tí mítà onílé kò lè dé, tí ojú ẹ̀rọ pàápàá kì í sì í fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Féèsì mẹ́ta tó dọ́gba rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìgbì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìwọ̀n 120 jìnnà síra wọn nínú 360, bí ẹ bá sì ro fóltéèjì wọn pọ̀ nígbàkígbà, òdo ni yóò fún yín. Ní ọ̀dọ̀ wa, bíi 230 fóltì ló máa ń wà láàárín féèsì kan àti nútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, tí bíi 400 sì máa ń wà láàárín féèsì kan àti èkejì rẹ̀. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti pààrọ̀ sí féèsì kan náà nítorí pé òun ló dára lánàá, féèsì yẹn á rọ̀, a óò sì máa pariwo pé “lóò kọ́rẹ́ǹtì” ti dé, bẹ́ẹ̀ kọ́rẹ́ǹtì gan-an ló pọ̀ jù lórí wáyà náà, fóltéèjì ló wálẹ̀.

Ká ní a wọn féèsì sí féèsì, tí mítà ka 400, 380 àti 360. Bí a bá pín àpapọ̀ wọn sí mẹ́ta, 380 ni. Èyí tó jìnnà sí 380 jù fi 20 jìnnà sí i, 20 nínú 380 sì jẹ́ bíi ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà NEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò iná ní Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì oníná ń tẹ̀ lé, ní kí a dín ẹrù ẹ́ńjìnnì kù bí àìdọ́gba bá ti kọjá ìdá 1, kí a má sì tan án rárá bí ó bá kọjá ìdá 5. Ó lè dà bí ẹni pé wọ́n le jù, àmọ́ àìdọ́gba kékeré nínú fóltéèjì máa ń di ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá nínú ìṣàn iná tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ooru rẹ̀ á sì máa jẹ wáyà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó wà níta nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìdérí ínfátà wàyí.

Kí iná DC tó di AC, inú kapásítọ̀ ló ń dúró sí, bí omi ṣe ń dúró nínú dúróòmù kí a tó bù ú. Nínú ínfátà ìpele méjì, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ibi méjì péré ni wáyà féèsì kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn: òkè kapásítọ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí DC bá jẹ́ 800 fóltì, swíìṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè fara da odindi 800, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 1200 sí lára ni a ó rà. Ní ọdún 1981, àwọn ará Japan mẹ́ta, Akira Nabae, Isao Takahashi àti Hirofumi Akagi, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti fi kapásítọ̀ méjì lé ara wọn lórí, wọ́n sì fa wáyà jáde láti oríkèé àárín wọn. Féèsì kọ̀ọ̀kan wá ní ibi mẹ́ta tó lè fọwọ́ kàn: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀; ìyẹn ni à ń pè ní ínfátà ìpele mẹ́ta. Swíìṣì wá di 12, pẹ̀lú dáyóòdù 6, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, tó ń dì wọ́n mọ́ oríkèé àárín, ṣùgbọ́n 400 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ìgbì tó ń jáde sì dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, kò pọ̀ nínú iṣẹ́ wa tí èèyàn fi ohun kékeré báyìí jèrè ohun tó tó bẹ́ẹ̀.

Gbèsè rẹ̀ wà ní oríkèé àárín yẹn. Kò sí ohunkóhun tó so ó mọ́lẹ̀. Bí iná tí à ń fà láti ara kapásítọ̀ òkè bá fi díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, oríkèé náà á máa gòkè lọ ní tirẹ̀: ti òkè á di 380, 350, 300, ti ìsàlẹ̀ á di 420, 450, 500, àpapọ̀ wọn á sì máa jẹ́ 800 géérégé lójú mítà. Swíìṣì tí a rà pé 400 ni yóò gbé ti ń gbé 500, kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 450 sí lára ti kọjá agbára rẹ̀, síbẹ̀ ojú ẹ̀rọ ń sọ pé àlàáfíà ni.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn ń gbà tún un ṣe ni kí wọ́n so rẹsítọ̀, ohun tó ń dín ìṣàn iná kù, mọ́ ara kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Rẹsítọ̀ 47 kílóóòmù lórí 400 fóltì ń gba bíi 8.5 mílíámpíà, ó sì ń fi 3.4 wáàtì ṣòfò tọ̀sán tòru. Ìyẹn tó láti bá ìjò kékeré inú kapásítọ̀ wí. Bí ohun tó ń ti oríkèé náà bá tó ìdajì ámpíà, ńṣe ni rẹsítọ̀ yẹn dà bí ọmọdé tó fẹ́ fi ọwọ́ dá trélà dúró.

Ọ̀nà tó múná dóko wà nínú bí a ṣe ń yan ipò swíìṣì. Féèsì mẹ́ta, ibi mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ipò 27 ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹ́ńjìnnì tó wà níta, 19 péré ló yàtọ̀ síra, torí pé àwọn kan nínú wọn jọra wọn pátápátá. Ẹ wo méjì yìí. Nínú àkọ́kọ́, féèsì A wà lókè, B àti C wà ní àárín. Nínú èkejì, A wà ní àárín, B àti C wà nísàlẹ̀. Ẹ wọn A sí B nínú méjèèjì, 400 ni ẹ ó bá. Ẹ wọn B sí C, òdo ni. Ẹ́ńjìnnì kò lè mọ èyí tí a lò. Àmọ́ nínú àkọ́kọ́, kapásítọ̀ òkè ló ń bọ́ ẹrù, nínú èkejì, ti ìsàlẹ̀ ni. Táyé àti Kẹ́yìndé ni mo máa ń pè wọ́n fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: ojú kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbejì mẹ́fà irú èyí ló wà, ara wọn sì ni gbogbo ìdọ́gba ti ń wá.

Ká ní kapásítọ̀ òkè wà ní 412, ti ìsàlẹ̀ sì wà ní 388, ìyàtọ̀ 24 fóltì. Kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1000 máíkírófárádì, féèsì A sì ń gbé 20 ámpíà jáde lọ síbi ẹrù. Bí a bá lo Táyé, ìyẹn àkọ́kọ́, fún 50 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, ìyàtọ̀ náà yóò dín ní fóltì kan ṣoṣo: 20 lọ́nà 50, kí a pín in sí 1000. Ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń ṣe ìpinnu nígbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń fún Táyé ní irú àyè yẹn nígbà kọ̀ọ̀kan, yóò pa ìyàtọ̀ 24 yẹn rẹ́ láàárín ìdá 2.4 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbì iná wa tó jẹ́ 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ni ọ̀kan nínú wọn ń gbà. Ìṣirò yìí gbà pé 20 ámpíà dúró lójú kan; iná AC kì í dúró, ṣùgbọ́n ó fi bí nǹkan náà ṣe yá tó hàn yín.

Ibi tó le wà níwájú. Ohun tí mo sọ nípa Táyé jẹ́ òótọ́ bí ìṣàn iná bá ń jáde lọ síbi ẹrù. Bí líìfùtì tó kún fún èèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀, iná á máa padà wọlé, Táyé tó ń bu omi nínú dúróòmù òkè tẹ́lẹ̀ á wá máa da omi sí i. Nítorí náà, mímọ̀ pé òkè pọ̀ ju ìsàlẹ̀ kò tó. Ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí iná ń ṣàn sí kó tó yan ìbejì tí yóò lò. Bí ó bá ṣi apá mọ̀, oògùn tó fẹ́ fi wo àìsàn náà ni yóò máa bọ́ àìsàn.

Mo mọ èyí torí pé mo ti jẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, èmi àti ẹnì kan kọ́ ínfátà ìpele mẹ́ta kékeré kan, DC rẹ̀ jẹ́ 600, kapásítọ̀ méjì náà sì jẹ́ oní-400 lára. A so ó mọ́ ẹrù rẹsítọ̀, ìgbì jáde, ó lẹ́wà, a pe àwọn ẹlòmíràn wá wò ó. Nígbà tí ẹrù kéré, òkè jẹ́ 303, ìsàlẹ̀ 297, a ní kò burú. A fi ẹrù kún un. Mítà tó wà lórí DC ń ka 600, kò yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mítà kejì tí mo fi sára kapásítọ̀ òkè ti ń ka 340, ó di 365, kí n tó na ọwọ́ dé swíìṣì ó ti kọjá 400, orí kapásítọ̀ náà sì là pẹ̀lú èéfín tó ń rùn bí ẹja tó jó. Ọjọ́ méjì ni a fi yẹ gbogbo ìlà iṣẹ́ tí a kọ sínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà wò. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìṣàn iná, àwọn oníhò tí wáyà máa ń gba inú wọn kọjá, ní ọfà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. A ti wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Iná ń jáde, ẹ̀rọ gbà pé ó ń wọlé. A fi ọwọ́ ara wa sọ Táyé di Kẹ́yìndé. Ọfà yẹn kò gùn ju èékánná ìka kékeré lọ.

Àwọn ìbejì yìí kì í ṣe idán o. Ipò mẹ́fà wà tí kò ní ìbejì tó sì ń fọwọ́ kan oríkèé àárín: A lókè, B láàárín, C nísàlẹ̀, àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè yẹra fún wọn, oríkèé náà á sì máa mì nígbà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po mẹ́ta ìgbì wa. Bí a bá ń béèrè ìgbì gíga lọ́wọ́ ínfátà, àyè tó kù fún àwọn ìbejì á dín kù, ìmìtìtì náà á pọ̀, pàápàá bí ẹrù bá jẹ́ irú èyí tí ìṣàn iná rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn fóltéèjì. Sergio Busquets-Monge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde ní 2004 tó pa ìmìtìtì yẹn, nípa dída àwọn ipò pọ̀ lọ́nà tí ohun tí wọ́n ń fà láti àárín á fi jẹ́ òdo. Owó rẹ̀ ni pé swíìṣì á máa ṣí, á máa tì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru á sì pọ̀. Ẹni tó ń ta ínfátà fún ilé sábà máa ń yàn láti fi kapásítọ̀ tó tóbi díẹ̀ sí i, n kò sì bá a wí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn tó ń so ínfátà mọ́lé gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọgbọ́n ìbejì ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì féèsì mẹ́ta kò ní nútírà: bí a bá gbé féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni gbé ọmọ mẹ́ta sórí pèpéle kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ilé wa ní nútírà, búlùbù àti fíríìjì wà láàárín féèsì àti nútírà, nínú àwọn ínfátà kan sì rèé, oríkèé àárín gan-an ni wọ́n fa nútírà jáde láti ara rẹ̀. Níbẹ̀, bí a bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, fíríìjì á rí i. Ìbejì kò ṣeé lò mọ́. Bákan náà ni gbogbo àìdọ́gba ẹrù inú ilé, kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù baálé ilé wa ìṣáájú, ń gba nútírà wọ inú kapásítọ̀ méjì náà lọ, tí yóò sì máa mì wọ́n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wá fi ẹsẹ̀ kẹrin kún un, ìyẹn swíìṣì tó jẹ́ ti nútírà nìkan, tàbí kí wọ́n fi swíìṣì méjì àti kọ́ìlì kan sí i tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ti iná láti kapásítọ̀ kan sí èkejì. Ẹ bi ẹni tó ń ta ínfátà fún yín léèrè èyí tó lò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè iye tí féèsì kan ṣoṣo lè gbé.

Bí kapásítọ̀ méjì bá le tó báyìí, kí ni ká ti wí nípa ẹgbẹ̀rún kan? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Rainer Marquardt ní Jámánì gbé irú ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń fi àwọn àpótí kéékèèké kọ́, àpótí kọ̀ọ̀kan ní kapásítọ̀ tirẹ̀ àti swíìṣì tó lè fi í sójú ọ̀nà tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe láti fi gbé iná DC gba abẹ́ omi ni Trans Bay Cable, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, tó ń gbé 400 mẹ́gáwáàtì wọ ìlú San Francisco. Apá mẹ́fà ni ẹ̀rọ ìkángun kọ̀ọ̀kan ní, àpótí inú apá kọ̀ọ̀kan sì ju 200 lọ. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà ní fóltéèjì kan náà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò rọrùn débi pé ọmọ tí wọ́n rán lọ síbi omi ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Bí omi bá ń yọ, kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo jù ni ẹ kọ́kọ́ máa gbé sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá di pé kí a bu omi lò, èyí tó kún jù ni ẹ máa bù. Ọpọlọ ẹ̀rọ á to àwọn kapásítọ̀ láti orí èyí tó kéré dé èyí tó pọ̀, á wo apá ibi tí iná ń ṣàn sí, á sì yan iye tó nílò: láti ìsàlẹ̀ bí iná bá ń wọlé, láti òkè bí ó bá ń jáde. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni, apá wo ni iná ń lọ? Bí wọ́n bá sì ń tò ó lákọ̀tun nígbà gbogbo, àwọn àpótí á máa wọlé jáde láìdáwọ́ dúró, ooru á pọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀, kí a má fọwọ́ kan àpótí kankan títí ìyàtọ̀ yóò fi kọjá ìwọ̀n kan. Ìdọ́gba tó pé pérépéré wọ́n. Èyí tó tó ni à ń lépa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ nípa ìgbà tó jẹ́ pé iná ìta fúnra rẹ̀ ni kò dọ́gba, nítorí ti àdúgbò tí mo mẹ́nu bà. Ní 1918, Charles Fortescue fi hàn pé féèsì mẹ́ta tí kò dọ́gba ṣeé tú sí ìdìpọ̀ mẹ́ta tó dọ́gba: ọ̀kan ń yí síwájú, ọ̀kan ń yí sẹ́yìn, ìkẹta ń lọ sókè sódò papọ̀. Ìdìpọ̀ tó ń yí sẹ́yìn yìí, nígbà tó bá pàdé èyí tó ń lọ síwájú nínú ẹ̀rọ wa, ó ń mú kí agbára tó ń wọ DC máa lù nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpapọ̀ DC ló ń mì níbẹ̀, kì í ṣe oríkèé àárín nìkan. Ẹ̀rọ tó dára máa ń ya ìdìpọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, á sì fi ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú wọn. Èyí tí kò dára máa ń rò pé ẹrù ló ń mì, á sì máa bá a jó.

Nípa ti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ṣáájú kí ínfátà ìpele mẹ́ta kankan tó gba iná gidi lọ́wọ́ wa, bátìrì 12 fóltì àti rẹsítọ̀ kan ni a kọ́kọ́ máa ń lò. A ó fi wáyà pupa sí ibi tí iná ti ń wọ sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, a ó sì wo nọ́ńbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ kà: bí ó bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, a ó yọ wáyà, a ó tì í bọ̀ ọ́ láti ojú kejì. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì àti ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni a ó fi mítà kan náà, kì í ṣe mítà méjì, wọn kapásítọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ nígbà tí DC wà ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá péré, a ó fi rẹsítọ̀ kan mọ̀ọ́mọ̀ fa ti òkè wálẹ̀ ní fóltì mẹ́wàá, a ó sì dúró tì í bóyá ẹ̀rọ yóò dá a padà. Bí ó bá dá a padà, a ó mú DC gòkè. Bí ó bá túbọ̀ fà á wálẹ̀, a ó pa á, a ó sì padà lọ wo àwọn ọfà.